Fífojú bu iye: bí a ṣe ń ṣètò àdánwò tí ó ṣeé gbára lé

Ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá ríran lè wo ìlà èrò méjì ní gáréèjì Ìwó Road kí ó sì mọ̀, láìka ẹnì kan ṣoṣo, èyí tí èrò inú rẹ̀ pọ̀ jù. Agbára yìí ni a ń pè ní òye iye nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ilé-ìwé kọ́ ni ó ń fún ènìyàn. Ní ọdún 2000, Fei Xu àti Elizabeth Spelke fi hàn pé ọmọ oṣù mẹ́fà ń mọ ìyàtọ̀ láàrin àmì 8 àti àmì 16, bí kò tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàrin 8 àti 12. Ní ọdún 2004, Pierre Pica àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àwọn ará Mundurukú ní igbó Amazon ti Bràsíl, tí èdè wọn kò ní orúkọ fún iye tí ó ju márùn-ún lọ, ń fi iye ńláńlá wé ara wọn, tí iṣẹ́ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ará Faransé.

Àdánwò tí a fi ń wọn agbára yìí dà bí ohun tí kò ní wàhálà nínú: a fi àmì róbótó hàn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, a bi olùkópa pé apá wo ni ó pọ̀ jù, a sì ka iye ìgbà tí ó gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú àdánwò bẹ́ẹ̀ kì í wọn iye rárá. Ìtóbi àmì, àyè tí àmì gbà, tàbí sùúrù olùkópa ni wọ́n ń wọ̀n, ẹni tí ó ṣètò wọn kò sì ní tètè fura, nítorí pé bó ti wù kó rí, máàkì yóò ṣáà jáde. Ní tèmi o, ibi méjì ni iṣẹ́ yìí ti ń yè tàbí kú: inú àwòrán tí a yà, àti iye ìgbà tí a bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè. Ibẹ̀ ni n ó sì ti pẹ́ jù. Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti olùwádìí tí ó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ nínú yàrá kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ní ilé-ìwé girama, tàbí láàrin àwọn tí ń tajà ní Gbági.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni ìfiwéra: apá wo ni ó pọ̀ jù? Èkejì ni ìfojúbù: mélòó ni ẹ rí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun kan náà ni méjèèjì ń wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá bi pé mélòó ni yóò ní láti wá orúkọ fún ohun tí ojú rẹ̀ rí, ọ̀nà tí ó ń gbà ka nǹkan yóò sì wọ inú ìdáhùn rẹ̀. Màmá àgbàlagbà tí ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba lè dáhùn pé "wọ́n á tó ogún" tàbí "wọn ò pé ọgbọ̀n", nítorí pé ogún, ọgbọ̀n, ogójì àti àádọ́ta ni òpó tí òǹkà Yorùbá fẹ̀yìn tì, tí ẹẹ́tàdínlógún fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ogún tí a yọ mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀; ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní SS2 yóò dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì kíá, níbi tí òpó ti wà ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ìdáhùn màmá bá ń ṣù jọ sórí ogún àti ọgbọ̀n, kò túmọ̀ sí pé ojú rẹ̀ kò mú tó ti ọmọ náà. Nítorí náà, ẹ lo ìfiwéra bí ó bá jẹ́ òye iye fúnra rẹ̀ ni ẹ ń wá. Bí ìdí bá wà tí ẹ fi gbọ́dọ̀ lo ìfojúbù, ẹ ṣe àkọsílẹ̀ èdè tí olùkópa fi dáhùn sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì pa àwọn elédè méjèèjì pọ̀ sójú kan nígbà ìṣirò. Ìfiwéra ni ìyókù ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí.

Yíyan àwọn iye

Ohun tí ó ń mú ìfiwéra le ni bí iye kan ṣe jẹ́ sí èkejì, kì í ṣe iye tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ. Bí 10 àti 12 ṣe le náà ni 20 àti 24 ṣe le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì ni ìyàtọ̀ ti àkọ́kọ́, tí ti èkejì jẹ́ mẹ́rin. Orúkọ Ernst Weber, onímọ̀ ará Jámánì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni a fi ń pe òfin yìí, Gustav Fechner ni ó sì gbé e ka orí ìṣirò ní ọdún 1860. Inú rẹ̀ ni òdiwọ̀n Weber ti jáde, èyí tí a ń fi lẹ́tà w kọ: bí w ẹnì kan bá ṣe kéré tó ni ojú rẹ̀ ṣe mú tó. Ọ̀nà ìṣirò tí ó gbajúmọ̀ ni kí a pín ìyàtọ̀ iye méjèèjì, n₁ − n₂, sí w × √(n₁² + n₂²), kí a sì wo ibi tí èsì náà bọ́ sí lórí ìlà onírísí agogo tí àwọn oníṣirò ń lò.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan tí w rẹ̀ jẹ́ 0.2 ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá fi 10 àti 20 hàn án, yóò gbà á ní nǹkan bí ìgbà 99 nínú ọgọ́rùn-ún. 10 àti 15, nǹkan bí ìgbà 92. 10 àti 12, nǹkan bí ìgbà 74. 10 àti 11, nǹkan bí ìgbà 63. Ẹni tí ó bá sì ń méfò lásán yóò gba 50. Bí gbogbo ìbéèrè bá rí bíi 10 àti 20, ẹni tí ojú rẹ̀ mú àti ẹni tí ojú rẹ̀ kò mú yóò jọ gba máàkì kan náà. Bí gbogbo wọn bá rí bíi 10 àti 11, ọ̀pọ̀ yóò rẹ̀wẹ̀sì, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá bà. Fún àgbàlagbà, mo fara mọ́ kí a pín ìbéèrè sórí 2 sí 3, 3 sí 4, 5 sí 6, 7 sí 8 àti 9 sí 10. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà, 1 sí 2, 2 sí 3, 3 sí 4 àti 5 sí 6 ti tó.

Ẹ má ṣe lo iye tí kò tó márùn-ún. Ní ọdún 1871, William Stanley Jevons ròyìn àdánwò kan tí ó ṣe fún ara rẹ̀: ó ń da ẹ̀wà dúdú sínú àpótí pẹlẹbẹ kan, ó ń wò ó fìrí, ó sì ń sọ iye tí ó bọ́ sínú rẹ̀, ó sì ṣe é ní ìgbà 1,027. Kò ṣì í rárá nígbà tí ẹ̀wà bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Láti márùn-ún ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Agbára mìíràn ni ó ń gbá mẹ́ta tàbí mẹ́rin mú lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì yẹ kí a da máàkì rẹ̀ mọ́ èyí tí a ń wá. Lápá kejì, kí àmì má pọ̀ débi tí wọn yóò fi fún ara wọn pinpin, torí bí ojú kò bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, bí wọ́n ṣe kì tó ni yóò máa wò. Láàrin 8 àti 32, ewu náà kò pọ̀.

Yíya àwòrán

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Àwọn tí ń ta tòmátì ní Bódìjà ti mọ ohun tí ojú ń ṣe tipẹ́tipẹ́: bí a bá tẹ́ ẹ sínú abọ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí a sì to àwọn tí ó tóbi sókè, ojú oníbàárà yóò sọ fún un pé ó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì róbótó ṣe rí lójú kọ̀ǹpútà. Yàtọ̀ sí iye, ó kéré tán nǹkan mẹ́rin ni olùkópa lè máa wò: ìtóbi àmì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ojú ibi tí àwọ̀ bò, àyè tí gbogbo wọn gbà bí ẹni pé a na okùn yí wọn ká, àti bí wọ́n ṣe súnmọ́ ara wọn tó.

Ẹ wo àwòrán kan tí apá òsì rẹ̀ ní àmì 12, tí apá ọ̀tún ní 18, tí ìdábùú gbogbo wọn sì jẹ́ píksẹ̀lì 20. Àwọ̀ tí ó wà lápá ọ̀tún jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti òsì. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa iye, tí ó kàn ń tẹ apá tí àwọ̀ ti pọ̀, yóò gba gbogbo irú ìbéèrè yìí pátá. Bí a bá fẹ́ kí àwọ̀ dọ́gba, a ó dín ìdábùú àmì 18 náà kù sí píksẹ̀lì 16.3, nítorí pé √(18 ÷ 12) jẹ́ nǹkan bí 1.22. Ìyẹn ti tún ọ̀kan ṣe, ó sì ba òmíràn jẹ́: nísinsìnyí, apá tí àmì rẹ̀ kéré jù ní ìtóbi ni ó ń pọ̀ jù ní iye ní gbogbo ìgbà, ẹni tí ó bá ti já ọgbọ́n yìí yóò sì gba gbogbo rẹ̀ láìwo iye. Kò sí ọ̀nà kankan tí a fi lè mú gbogbo nǹkan wọ̀nyí dọ́gba pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí iye bá yàtọ̀. Ohun tí a lè ṣe ni kí a jẹ́ kí wọ́n máa yí padà, tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè gbójú lé: nínú ìdajì ìbéèrè, kí àwọ̀ àti àyè gbè sẹ́yìn apá tí iye rẹ̀ pọ̀, nínú ìdajì kejì, kí wọ́n ta ko ó, kí a sì po méjèèjì mọ́ ara wọn, kí ó má jẹ́ pé ọ̀kan tán kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí Titia Gebuis àti Bert Reynvoet gbé jáde ní ọdún 2011 ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí àwòrán bá ti pé, ẹ ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe: ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dáhùn gbogbo ìbéèrè náà bí afọ́jú sí iye. Ẹ ní kí ó máa yan apá tí àwọ̀ ti pọ̀ jù, kí ẹ sì wo iye tí ó gbà. Lẹ́yìn náà apá tí ó gba àyè jù, lẹ́yìn náà apá tí àmì rẹ̀ tóbi jù, lẹ́yìn náà apá tí ó kì jù. Bí ọ̀kan nínú àwọn òmùgọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí bá gba ju nǹkan bí 55 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí tí ó gba ohun tí ó kéré sí nǹkan bí 45, àwòrán yín ń tú àṣírí, ẹ padà lọ yà á. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni iṣẹ́ yìí ń gbà, mo sì gbà pé ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìṣirò tí a ń ṣe lẹ́yìn ìgbà náà lọ.

Kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 2015, Sarah Clayton, Camilla Gilmore àti Matthew Inglis fi àwòrán tí a yà ní ìlànà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dán àwọn ènìyàn kan náà wò, máàkì tí wọ́n gbà nínú ọ̀kan kò sì bá èyí tí wọ́n gbà nínú èkejì rìn. Ní ọdún 2013, Gilmore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ pé ìbéèrè tí ìtóbi ti ta ko iye tún ń wọn agbára láti kó ara ẹni níjàánu, èyí tí àwọn ọmọ kan ní ju òmíràn lọ. Nítorí náà, ẹ máa ṣe ìṣirò ìdajì tí ó gbè àti ìdajì tí ó ta ko lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Ẹni tí ìṣirò bá mọ́ lọ́wọ́ lè lo ìlànà tí Nicholas DeWind àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2015, tí ó ń sọ bí iye, ìtóbi àti àyè ṣe fa ìpinnu olùkópa sí, kálukú pẹ̀lú agbára tirẹ̀.

Ní ti ohun tí ó wà nínú àwòrán, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ àmì róbótó lásán. Mo mọ̀ pé àwòrán ohun tí a mọ̀ máa ń dùn mọ́ ọmọdé nínú, ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìyá tí ó bá rí àwòrán ọmọ wẹ́wẹ́ tí a ní kí ó sọ èyí tí ó pọ̀ jù lè kọ̀ jálẹ̀, kò sì jẹ̀bi. Owó ẹyọ pàápàá lè mú ẹlòmíràn rántí ẹẹ́rìndínlógún tí àwọn olórìṣà fi ń ṣe àyẹ̀wò.

Àsìkò àti ẹ̀rọ

Bí àmì bá pẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, olùkópa yóò kà á. Ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ìdá 200 nínú ẹgbẹ̀rún, ni Justin Halberda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nínú iṣẹ́ wọn tí ó jáde ní ọdún 2008, ó sì ti di àṣà. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun ní ìgbà 60 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan yóò fi àwòrán hàn fún ìgbà 12 gééré láàrin àsìkò yìí. Bí ẹ bá kọ 210 sínú ètò, kò lè ṣe é. Yóò fi 200 tàbí nǹkan bí 217 hàn. Nítorí náà, iye ìgbà tí ojú ẹ̀rọ ń dọ̀tun ni kí ẹ fi ṣètò. PsychoPy, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí a fi ń ṣe irú àdánwò yìí, gbà yín láàyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lè rí báyìí: àmì àgbélébùú láàrin fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kí ojú lè rí ibi dúró sí, àmì róbótó fún ìgbà 12, lẹ́yìn náà àwòrán wúruwùru kan tí yóò nu òjìji wọn kúrò lójú, lẹ́yìn náà òfìfo títí olùkópa yóò fi tẹ bọ́tìnì.

Ojú àgbàlagbà mìíràn kò yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi kún àsìkò náà títí dé ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì ní kí olùkópa máa pe ọ̀rọ̀ kan ní àpètúnpè, bíi "wàràwàrà, wàràwàrà", kí ẹnu rẹ̀ má ráyè kà. Àmọ́ gbogbo àwọn tí ẹ fẹ́ fi wé ara wọn ni kí ẹ fún ní àsìkò kan náà.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fojú fò. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ó ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, tí àwọn kan sì ń dín bí ó ṣe ń dọ̀tun kù, bí iná bá lọ tí ó bọ́ sórí bátìrì. Ẹ má dúró de ìyẹn. Ẹ gba iná sí i kó kún, kí ẹ yọ wáyà, kí ẹ di ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́ ojú kan, kí ẹ sì ṣe ti gbogbo olùkópa lórí bátìrì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjà, ẹ wá inú ṣọ́ọ̀bù, kí oòrùn má bu sójú kọ̀ǹpútà. Oníbàárà yóò dé láàrin iṣẹ́, ẹ kò sì lè ní kí ọlọ́jà má dá a lóhùn. Ẹ ya bọ́tìnì kan sọ́tọ̀ tí yóò dá àdánwò dúró, tí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ ni a ti dá ìbéèrè dúró.

Bíbá olùkópa sọ̀rọ̀

"Èwo ló pọ̀ jù?" kò tó, nítorí pé omi ń pọ̀, gàrí ń pọ̀, ohun tí a kì í ka iye rẹ̀ sì ni méjèèjì. Ẹ là á yé wọn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí wọn: "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, àmì róbótó róbótó máa yọ lọ́tùn-ún àti lósì, á sì lọ kíá. Ẹ má wo bí wọ́n ṣe tóbi tó o. Ká ní ẹ ń kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, apá wo niye wọn máa ju tèkejì lọ? Ṣùgbọ́n ẹ má kà wọ́n, ẹ kàn fojú bù ú." Lẹ́yìn náà, ẹ fi àmì wẹ́wẹ́ 20 hàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ńláńlá 10, láìyára. Bí màmá bá tọ́ka sí àwọn ńláńlá, ìtọ́ni ni kò yé e, ẹ tún un ṣe. Ẹ fún wọn ní ìbéèrè ìdánrawò díẹ̀ tí ẹ ó ti máa sọ èyí tí wọ́n gbà àti èyí tí wọ́n ṣì. Nígbà tí iṣẹ́ gan-an bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ mọ́.

Kí ìdáhùn ọ̀tún àti òsì dọ́gba ní iye. Kí a gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, kí a gba ìyọ̀ǹda òbí àti ti ọmọ fúnra rẹ̀, kí a sì san owó ọkọ̀ ẹni tí ó wọ Micra wá bá wa, ì báà parí iṣẹ́ tàbí kò parí rẹ̀.

Ìbéèrè mélòó ni ó tó?

Ọ̀pọ̀ olùwádìí máa ń wá ènìyàn púpọ̀, wọ́n á sì bi kálukú ní ìbéèrè 40. Ẹni tí òtítọ́ agbára rẹ̀ jẹ́ 75 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a bi ní ìbéèrè 40, máàkì rẹ̀ lè fi nǹkan bí 7 yẹ̀ sókè tàbí sódò nípa oríire lásán. Ní ìbéèrè 160, yóò fi 3.4 yẹ̀, ní 300, yóò fi 2.5 yẹ̀. Bí àwọn olùkópa yín kò bá fi ju nǹkan bí 8 yàtọ̀ síra, ìbéèrè 40 kò lè sọ ẹni tí ó ju ẹnì kejì lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ gba máàkì olùkópa kọ̀ọ̀kan lórí ìbéèrè 1, 3, 5 títí lọ, kí ẹ gba òmíràn lórí 2, 4, 6, kí ẹ sì wo bí àwọn máàkì méjèèjì ṣe ń bá ara wọn rìn, láti 0 títí dé 1. Bí ó bá jẹ́ r, ìgbẹ́kẹ̀lé àdánwò lódindi, ìyẹn bí máàkì rẹ̀ ṣe ṣeé gbára lé tó, jẹ́ 2r ÷ (1 + r); 0.6 láàrin ìdajì méjì yóò fún wa ní 0.75. Ìlànà kan náà sọ pé bí ìbéèrè 100 bá fún wa ní 0.75, a nílò 300 kí ó tó dé 0.9. Ìbéèrè 300 kò ní gbà tó wákàtí kan, ṣùgbọ́n ó ń súni. Ẹ pín in sí abala mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ fún wọn ní omi tútù mu láàrin. Bí àyè bá wà, ẹ pe àwọn kan padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti tún un ṣe.

Ìdí tí èyí fi kan ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá òye iye ń bá máàkì ìṣirò ilé-ìwé rìn, gẹ́gẹ́ bí Halberda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ròyìn lórí ọmọ 64, ni pé àìṣeégbára-lé ń jẹ ìbárìn náà kù. Bí òtítọ́ ìbárìn bá jẹ́ 0.4, tí ìgbẹ́kẹ̀lé àdánwò iye jẹ́ 0.75, tí ti ìdánwò ìṣirò jẹ́ 0.8, ohun tí ẹ ó rí kò ní ju 0.31 lọ. Bí ìgbẹ́kẹ̀lé àdánwò iye bá wá jẹ́ 0.4 péré, ìbárìn náà yóò sún mọ́ 0.23, ẹ lè wá sọ fún ayé pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ìṣirò àti ìròyìn

Kí ẹ tó rí èsì ẹnì kankan, ẹ kọ ohun tí ẹ ó ṣe sílẹ̀: irú ẹni tí ẹ ó yọ kúrò àti ìdí rẹ̀, máàkì tí ẹ ó lò, àti ìfiwéra tí ẹ ó ṣe. Mo fara mọ́ kí a yọ ẹni tí kò gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lára ìbéèrè tí ó rọrùn bíi 10 àti 20, torí pé ó jọ pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, tàbí pé ìtọ́ni kò yé e. Ẹ má yọ ẹnikẹ́ni torí pé máàkì rẹ̀ kò bá ohun tí ẹ ń retí mu.

Iye ìbéèrè tí olùkópa gbà nínú ọgọ́rùn-ún àti w ń sọ ohun kan náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, èyí àkọ́kọ́ sì rọrùn jù. W lè ṣòro láti rí gbá mú fún ẹni tí ó ń méfò. Bí ìdáhùn ṣe ń lọ́ra sí i bí iye ṣe ń súnmọ́ ara wọn ni kí ẹ ṣọ́ra fún: Inglis àti Gilmore fi hàn ní ọdún 2014 pé irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í dúró sójú kan lára ẹnì kan náà.

Nínú ìròyìn, ẹ sọ iye ìbéèrè tí kálukú dáhùn, àwọn iye tí ẹ lò, ìlànà tí ẹ fi ya àwòrán, ohun tí kọ̀ǹpútà gbà nígbà tí ó wo àwọ̀ tàbí àyè nìkan, bí àsìkò ṣe gùn tó, irú ẹ̀rọ, èdè ìtọ́ni, ìgbẹ́kẹ̀lé tí ẹ ṣírò láti inú ìdáhùn tiyín, àti máàkì ìdajì tí ó gbè àti èyí tí ó ta ko. Ẹ tọ́jú ìlà kan fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àròpọ̀ nìkan, kí ẹ sì fi àwòrán gan-an pamọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù olùkópa gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì mìíràn tí a tì pa, bí òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ṣe ń béèrè ìtọ́jú tí ó yẹ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ lásán ni kí ó wà lára fáìlì tí ẹ ó fún olùwádìí mìíràn.